Owó Fàdákà Tí A Rọ Nígbà Tí Àga Pétérù Ṣófo

Nígbà tí àwọn Farisí fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó orí mú Olúwa wa, owó kan ni Ó ní kí wọ́n mú wá fún Òun, ohun tí Ó sì kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ti ta ni àwòrán àti àkọlé tí ó wà lára rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ aráyé ń wo ojú tí ó wà lára owó kí wọ́n tó gbà á. Bí wọ́n bá rí ojú ọba níbẹ̀, ọkàn wọn a balẹ̀. Ṣùgbọ́n irú owó kan wà tí a ti ń rọ ní ìlú Róòmù láti ìgbà pípẹ́ wá, tí kò ní ojú ọba, tí kò sì ní ojú Póòpù, síbẹ̀ tí ó jẹ́ fàdákà gidi. Owó tí a rọ láàárín ikú Póòpù kan àti yíyan èkejì ni. Ọ̀rọ̀ Látínì méjì ni a fi ń dá a mọ̀: SEDE VACANTE. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni, nígbà tí àga ṣófo.

Ẹni tí ń gbé ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ìgàndò lè béèrè pé kí ni ó kan òun nínú owó Róòmù. Ó kàn án púpọ̀. Bí ìyá àgbà bá fi ṣílè àtijọ́ sílẹ̀ nínú àpótí, ojú ọba tí ó wà lára rẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń wò láti mọ̀ bí ó bá níye lórí. Ojú náà a sì máa tan ènìyàn jẹ, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú. Ẹni tí ó bá mọ bí owó aláìlójú ti Róòmù ṣe rí, tí ó sì mọ ìdí rẹ̀, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí a wò lára owó gbogbo.

Nígbà tí Póòpù bá sùn nínú Olúwa, àṣẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn olórí ilé-iṣẹ́ Ìjọ ní Róòmù a dópin lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù sí ipò wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Kádínàlì tí à ń pè ní Camerlengo, ẹni tí í ṣe olùtọ́jú ohun ìní àti ìṣúra. Òun ni í jẹ́rìí sí i pé Póòpù ti kú ní tòótọ́. Òun ni í ti yàrá rẹ̀, tí í sì fi èdìdì dì í. A ó ba òrùka Apẹja jẹ́ níwájú àwọn Kádínàlì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi èdìdì ẹni tí ó ti lọ ṣe ìwé èké. Camerlengo kò lè ṣe òfin titun, kò sì gbọdọ̀ yí èyí tí ó bá nílẹ̀ padà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó pa ilé mọ́ títí onílé yóò fi dé.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀. Ọba kì í kú, ọba a máa wàjà. Bí ó bá sì wàjà, ìlú kì í tú. Ní Àkúrẹ́, ọmọ ọba obìnrin ni í jókòó gẹ́gẹ́ bí adelé títí a ó fi yan ọba mìíràn. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2022, a kò sì gbé adé lé Aláàfin Abímbọ́lá Ọ̀wọ́adé lórí títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta gbáko tí kò fi sí ọba lórí ìtẹ́. Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, wà níbẹ̀. Ọjà ń ná, àgbẹ̀ ń lọ sóko, a ń sin òkú, a ń sọ ọmọ lórúkọ.

Ìjọ pàápàá ti rí irú ọdún mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Póòpù Clement Kẹrin kú ní ìlú Viterbo ní oṣù kọkànlá ọdún 1268. Àwọn Kádínàlì jókòó láti yan ẹlòmíràn, wọn kò sì fi ohùn ṣọ̀kan títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1271. Ìtàn sọ pé nígbà tí ó sú àwọn ará ìlú, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù, wọ́n sì ṣí òrùlé ilé kúrò lórí wọn kí òjò àti oòrùn lè bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n yàn níkẹyìn, Gregory Kẹwàá, kò gbàgbé. Ní ọdún 1274, ní Àpéjọ Ìjọ ní ìlú Lyon, ó ṣe òfin pé kí a máa ti àwọn Kádínàlì mọ́lé nígbà ìyàn, kí a sì máa dín oúnjẹ wọn kù bí wọ́n bá ń fà á gùn.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ owó náà wò. Ní ojú kan rẹ̀, a ó rí àmì ìdílé Camerlengo, nítorí pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti rọ owó pẹ̀lú àmì tirẹ̀ nígbà tí àga bá ṣófo. Àmì ni o, kì í ṣe àwòrán ojú rẹ̀. Lókè àmì náà, níbi tí adé onípele mẹ́ta ti Póòpù ì bá wà, ohun mìíràn ni ó wà: agboòrùn tí a ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì tí ó gbé ara wọn kọjá lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù a máa nílò àlàyé gígùn kí agboòrùn yìí tó yé wọn. Ní ilẹ̀ wa, ọmọdé tí ó ti rí ọba jáde lọ́jọ́ ọdún mọ̀ pé ibi tí agboòrùn ńlá bá wà ni àṣẹ wà. Ohun tí agboòrùn Róòmù ń sọ ni pé adé kò sí lórí ẹnikẹ́ni lónìí, ṣùgbọ́n ibòji àṣẹ kò kúrò lórí ilé. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì ni ti Pétérù Mímọ́. Wọn kò bá Póòpù kankan lọ sí ibojì.

Ní ojú kejì owó náà, lọ́pọ̀ ìgbà, àdàbà ni a ń rí tí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ yí i ká. Ẹ̀mí Mímọ́ ni èyí dúró fún, a sì sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ àdúrà kúkúrú sí etí rẹ̀ láti ké pe Ẹ̀mí náà kí Ó wá tọ́ àwọn tí ń yan Póòpù sọ́nà. Kò sí owó púpọ̀ lórí ilẹ̀ ayé tí ó ń gba àdúrà ní gbangba bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà.

Ènìyàn lè béèrè pé kí ni ìdí tí a fi ń rọ owó fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Ẹ rántí pé títí di ọdún 1870, Póòpù kì í ṣe olórí Ìjọ nìkan. Ọba ni ó jẹ́ lórí Róòmù àti ilẹ̀ púpọ̀ ní àárín gbùngbùn Ítálì. Ó ní ọmọ ogun, ó ní aṣọ́bodè, ó ní ilé tí a ti ń rọ owó. Bí ó bá kú, ebi kò ní ṣàì pa àwọn ọmọ ogun, àwọn alágbàṣe kò sì ní ṣiṣẹ́ ìsìnkú lọ́fẹ̀ẹ́. Owó gbọ́dọ̀ jáde. Bí a bá sì tẹ orúkọ ẹni tí ó ti kú sí i, irọ́ ni. Bí a bá fi orúkọ ẹni tí a kò tíì yàn sí i, irọ́ tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ òtítọ́ sí i: àga ṣófo, ọdún báyìí ni, ẹni báyìí ni ó ń ṣọ́ ilé.

Èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn owó fàdákà Róòmù ti ìgbà náà ni scudo. Ìwọ̀n rẹ̀ súnmọ́ gíráàmù 27, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ṣílè fàdákà márùn-ún tí àwọn baba wa ná. A rọ scudo àga ṣófo ní ọdún 1829 lẹ́yìn ikú Leo Kejìlá, a rọ ọ́ ní 1830 lẹ́yìn ikú Pius Kẹjọ, a sì tún rọ ọ́ ní 1846 lẹ́yìn ikú Gregory Kẹrìndínlógún. Ti 1846 yẹ ní ríronú lé lórí. Gregory kú ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, a sì yan Pius Kẹsàn-án ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni àga fi ṣófo, ṣùgbọ́n fàdákà tí ó jáde ní ọjọ́ wọ̀nyí kò di ohun ìdàsọ́nù nígbà tí Póòpù titun dé. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n kó o padà wá. Fàdákà tí ó wà nínú rẹ̀ kò dín, bẹ́ẹ̀ ni Póòpù titun kò kọ ohun tí olùṣọ́ ilé ti ṣe.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1870, ìjọba Ítálì gba Róòmù mọ́ Póòpù lọ́wọ́. Láti ìgbà náà kò sí ìjọba Póòpù tí ó lè rọ owó ná. Àga ṣófo ní 1878, ní 1903, ní 1914 àti ní 1922 láìsí irú owó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1929 ni Ìjọ àti Ítálì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó sọ Vatican di ìlú aládàáni, ẹ̀tọ́ rírọ owó sì padà wá.

Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1939, Póòpù Pius Kọkànlá kú. Camerlengo ìgbà náà ni Kádínàlì Eugenio Pacelli. A rọ owó fàdákà líírà márùn-ún àti líírà mẹ́wàá pẹ̀lú àmì ìdílé rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Líírà mẹ́wàá náà wọn gíráàmù 10, ìdá 835 nínú 1,000 rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, tí í ṣe ọjọ́ tí ó pé ẹni ọdún 63, àwọn Kádínàlì yan Pacelli fúnra rẹ̀, ó sì di Pius Kejìlá. Báyìí ni ẹni tí àmì rẹ̀ wà lára owó àga ṣófo ṣe di ẹni tí ó jókòó sórí àga náà. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ń ṣọ́ ilé kì í sábà di onílé, ní Róòmù tàbí níhìn-ín.

Nígbà tí Pius Kejìlá náà kú ní 1958, àti nígbà tí John Kẹtàlélógún kú ní 1963, àmì Kádínàlì Benedetto Aloisi Masella ni ó wà lára owó náà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Fàdákà líírà 500 ni, tí ó wọn gíráàmù 11.

Ṣùgbọ́n ọdún 1978 ni ọdún tí kò ní ẹgbẹ́. Paul Kẹfà kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ. A yan John Paul Kìíní ní ọjọ́ 26 oṣù náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 33, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, òun náà kú, a sì yan John Paul Kejì ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá. Àga ṣófo lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, owó fàdákà líírà 500 sì jáde fún èkíní àti fún èkejì, àmì Kádínàlì Jean Villot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sì wà lára méjèèjì. Àwọn ọmọ Ìjọ ní Nàìjíríà kò gbàgbé ọdún náà, nítorí Kádínàlì Dominic Ekandem, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a fi jẹ Kádínàlì, wà nínú yàrá tí a tì náà ní ìgbà méjèèjì.

Ní 2005, lẹ́yìn ikú John Paul Kejì, owó ti yí padà ní Yúróòpù, yúrò márùn-ún ni a sì rọ ní fàdákà. Ní 2013 ẹ̀wẹ̀, Póòpù kò kú rárá. Benedict Kẹrìndínlógún fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kejì, ó sì wà láàyè nígbà tí a yan Francis ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta. Síbẹ̀ agboòrùn jáde, owó fàdákà àga ṣófo sì jáde pẹ̀lú àmì Kádínàlì Tarcisio Bertone. Èyí fi hàn gbangba pé kì í ṣe ikú ènìyàn ni owó náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àga ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ wa nísinsin yìí, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín jẹ́ òdìkejì ti Róòmù pátápátá.

Ní 1912 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní London tí yóò máa rọ owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Láti 1913 ni ṣílè wọn ti ń jáde. Ní ojú kan, ọba George Karùn-ún pẹ̀lú adé rẹ̀. Ní ojú kejì, igi ọ̀pẹ. Fàdákà rere ni. Ìdá 925 nínú 1,000. Ṣílè kan wọn gíráàmù 5 àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀, ṣílè méjì alápapọ̀ sì wọn gíráàmù 11 àti díẹ̀. Owó yìí ni àwọn àgbẹ̀ Àgége àti ìgbèríko rẹ̀ ń gbà nígbà tí wọ́n bá kó obì àti kòkó wọn dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà tí ìgbìmọ̀ náà gbé owó bébà jáde ní 1916, ọ̀pọ̀ kọ̀ ọ́, àwọn mìíràn kò sì gbà á ní iye tí a kọ sí i lára. A kò lè bú wọn. Ikán kì í jẹ fàdákà.

Nígbà náà ni iye fàdákà fúnra rẹ̀ gòkè lọ́jà àgbáyé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa rọ ṣílè 66 láti inú áńsì 12 fàdákà. Nítorí náà áńsì kan ń di kọ́bọ̀ 66. Nígbà tí iye áńsì kan lọ́jà London kọjá kọ́bọ̀ 66 ní ìparí 1919, tí ó sì kọjá kọ́bọ̀ 89 ní oṣù kejì ọdún 1920, fàdákà tí ó wà nínú ṣílè kan níye ju ṣílè náà lọ. Ẹni tí ó bá yọ́ owó rẹ̀ nínú iná ni yóò jèrè, ìjọba tí ń rọ ọ́ ni yóò sì pàdánù. Láti 1920 ni ìgbìmọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi àdàlù idẹ rọ ṣílè dípò fàdákà.

Kíyè sí i dáadáa, ìwọ òǹkàwé. Ojú ọba George kan náà ni. Igi ọ̀pẹ kan náà ni. Àkọlé kan náà ni. Ohun gbogbo tí ojú lè kà dúró bí ó ti wà, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan ni ó yí padà. Róòmù yí ojú owó padà, ó sì fi fàdákà sílẹ̀. London fi ojú sílẹ̀, ó sì mú fàdákà kúrò. Kì í ṣe pé a jí owó àgbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ṣílè idẹ ń ra ohun tí ṣílè fàdákà ń rà, níwọ̀n ìgbà tí ìgbìmọ̀ náà bá dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kì í dúró títí láé. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1959 Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ná owó tirẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973 náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́ùn àti ṣílè. Ẹni tí ó rì ṣílè idẹ mọ́lẹ̀ hú idẹ jáde. Ẹni tí ó rì ṣílè fàdákà mọ́lẹ̀ hú fàdákà jáde.

Ilẹ̀ wa pẹ̀lú ní owó aláìlójú tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ ṣe fàdákà. Àwọn àgbà rántí owó oníhò: ànìnì, àbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀. Nítorí ihò àárín rẹ̀, kò sí àyè fún orí ọba, orúkọ rẹ̀ nìkan ni a ń kọ yí i ká. Ní oṣù kìíní ọdún 1936 ọba George Karùn-ún kú, ọmọ rẹ̀ Edward Kẹjọ sì bọ́ sí ipò, ṣùgbọ́n ó fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà kí a tó dé e ládé. Ní England wọn kò tíì fi owó rẹ̀ sọ́jà. Níhìn-ín, owó oníhò tí ó ní orúkọ Edward àti ọdún 1936 ti jáde, a sì ná an lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá wà nínú àpótí, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù nítorí pé kì í ṣe fàdákà.

Ó wá ku ohun tí ẹni tí ó bá ní owó àtijọ́ nílé yóò ṣe.

Èkíní, ẹ má ṣe fi iyanrìn, eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́. Dúdú tí ó wà lára fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí. Èéfín àti afẹ́fẹ́ ni í mú un wá, kò sì ba fàdákà jẹ́. Ìfọ̀ tagbáratagbára ni í bà á jẹ́, àwọn tí ń ra owó àtijọ́ a sì dín iye rẹ̀ kù lójú ẹsẹ̀. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ tó; ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ, ẹ má ṣe nù ún pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì fi í pamọ́ sí ibi gbígbẹ.

Ẹ gbé e lọ sí orí ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹ jẹ́ kí ó wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ iye. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ìṣirò bí a ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ṣílè kan tí ó ṣáájú 1920 ní fàdákà gidi tí ó lé díẹ̀ ní gíráàmù 5 nínú. Ogún irú rẹ̀, tí í ṣe pọ́ùn kan láyé àtijọ́, ní nǹkan bí gíráàmù 104. Ẹ béèrè iye gíráàmù fàdákà kan lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ní owó tí kò tó èyí, ọ̀rẹ́ yín kọ́. Ìwọ̀n àsìkí pàápàá kò tó, nítorí owó kan lè níye ju fàdákà inú rẹ̀ lọ bí irú rẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà kò yẹ kí a yọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé owó wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé owó fàdákà àga ṣófo ni, tí ó sì ń fi àwòrán ojú Póòpù tí ó kú hàn lára rẹ̀ bí ẹ̀rí, ẹ ti mọ̀ báyìí pé òpùrọ́ ni. Agboòrùn, kọ́kọ́rọ́ àti àmì Camerlengo ni kí ẹ wá. Líírà 500 gbọ́dọ̀ wọn gíráàmù 11. Irin òòfà kò sì gbọdọ̀ fà á. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, owó ni, kì í ṣe ohun ààbò. A kì í so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí àìsàn. A kì í se fàdákà mọ́ àgbo, a kì í sì í mu omi fàdákà tí àwọn kan ń polówó, nítorí bí ó bá pọ̀ lára ènìyàn, a máa sọ àwọ̀ ara di aláwọ̀ eérú, kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́. Ẹ pa owó kéékèèké mọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Ṣílè ọdún 1920 ni kí a ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí ti fàdákà wà, ti idẹ sì wà ní ọdún kan náà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè là á yé wa. Kí a wo ibi tí ọwọ́ ti pa á jù, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba àti ní orí imọ̀ ọ̀pẹ: bí ibẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú, idẹ ni; bí ó bá funfun títí dé inú ojú ìfá rẹ̀, fàdákà ni.